Túúlu Abíọ́nà àti Àwọn Abẹ́rẹ́ Ìlú Okinní

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó nínú yín, kí ó fọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú kí ó tó jókòó tì mí. Ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ìtàn tí à ń gbọ́ nídìí ọbẹ̀. Mo sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó kan rí, ìyá ọkọ kò lè fẹnu kan ẹran mọ́ títí àwọn àlejò fi tú ká. Èmi ni Ọdẹ́jàyí Adẹ́rùbagbó, ọdẹ tí ń pa ẹfọ̀n tí ìyàwó ẹfọ̀n fi ń kí i kú iṣẹ́. Mo ti sùn ti erè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àgbọ̀nrín mì, èmi ni mo tún kọ́kọ́ hanrun. Ẹ̀rù kò bà mí rí. Ṣùgbọ́n ìríra! Háà, ìríra le ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rù a máa jẹ́ kí ènìyàn sáré. Ìríra ní tirẹ̀ a dúró sí ọ̀nà ọ̀fun, kò ní wọlé, kò sì ní jáde.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀, amọ̀kòkò ni. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé oòrùn ń yọ, pé ó sì ń wọ̀. Bí ó bá na ọwọ́ sí amọ̀, amọ̀ a tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ ẹran tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tó ti di wúńdíá ni àìsàn kan ti ń bá a jà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní túúlu. Ẹ má wulẹ̀ pè é ní ẹ̀fọ́rí o. Ẹ̀fọ́rí ni èyí tí ẹ máa ń ní bí ẹ bá mu ẹmu kíkan. Túúlu a mú ẹ̀gbẹ́ orí kan, a fi èkejì sílẹ̀, bí ẹni tó la iṣu sí méjì. Kí ó tó dé, ẹ̀gbọ́n mi a máa rí mọ̀nàmọ́ná nígbà tí òjò kò ṣú. Bí ó bá wá dé tán, ìmọ́lẹ̀ a di ọ̀bẹ, ariwo a di ọmọ odó, òórùn ọbẹ̀ lásán a mú un bì títí yóò fi máa bi òróòro. A ó gbé e sínú yàrá, a ó fi aṣọ dí ojú fèrèsé, kò ní lè sọ̀rọ̀, omi nìkan ni yóò máa ṣàn lójú ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn fi sí orí ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ àdín, wọ́n kùn ún sí i láti ìpàkọ́ dé iwájú orí. Wọ́n fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ẹni tí wọ́n lò ó fún ṣáájú sì ṣì wà nínú ìwo náà. Ìyá arúgbó kan rún ewé lẹ́nu, ó tu ú sí i lójú, àti ewé, àti itọ́, àti eyín kan tó ti ń mì tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jọ bá a lọ. Ojú mi báyìí ló ṣe! Eyín náà lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ìyá náà sì ń wá a kiri pé kí wọ́n bá òun mú un padà.

Lọ́jọ́ kan tí túúlu náà le jù, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fi orí gbá ògiri. Ó gbójú sókè wò mí.

“Àjàgbé,” oríkì mi ló fi pè mí, “ìbọn rẹ dà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe?”

Ó fi ìka kan tẹ ẹ̀bátí ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ìró ẹkùn nínú ihò, kò mì mí tó ìka yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adórílu. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa dá agbárí lu, kí ẹ̀fọ́rí lè rí ọ̀nà jáde. Ó dé, ó jókòó, èékánná rẹ̀ gùn bíi ti òròmọ àṣá, ìdọ̀tí dúdú sì kún abẹ́ wọn. Ó fa irin rẹ̀ yọ, ó fi ahọ́n lá a, ó nù ún mọ́ itan, ó ní ó ti mọ́. Láwọyin, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, fà mí lọ sí ẹ̀yìn ilé.

“Àna mi,” ó ní, “àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, wọn yóò dá a lu.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ fọwọ́ sí i?”

Ó wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run. “Àwọn tí ọkùnrin yẹn ti dá lu ní abúlé kejì, mélòó ni o rí tó ń rìn nínú wọn? Gbé e lọ, Ọdẹ́jàyí. Bí wọ́n bá bi mí, n ó ní ẹnu ọ̀nà oko ni mo wà.”

Mo ti gbọ́ lẹ́nu alájàpá kan tó ń ta òwú pé lẹ́yìn Igbó Ìríra, ìlú àwọn iwin kan wà tí wọ́n ń pè ní Okinní. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í dá orí lu, wọn kì í sì í da ìdọ̀tí lé e. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun ni wọ́n fi ń bá àìsàn wí. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bèèrè orúkọ igi tó dì mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, mo pọn ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn bí òun náà ti pọ̀n mí rí, mo fi ìborùn bo ojú rẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di inú igbó.

Ẹni tó sọ igbó náà ní Ìríra kò purọ́. Àwọn igi ibẹ̀ ń làágùn ọ̀rá. Ewé wọn tutù, ó ń yọ̀, wọn a sì nà jáde wá lá ènìyàn lójú bí ahọ́n ajá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ikùn ẹran tó ti kú lánàá. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lé e, yóò gùnfẹ̀, èéfín olóòórùn yóò sì jáde lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìdin ibẹ̀ tóbi tó apá mi. Wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ará ìlú tó wá pàdé ìjòyè, wọ́n ń kí mi kú àbọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Èmi Adẹ́rùbagbó! Bí ẹkùn ni, ǹ bá yìnbọn. Ta ló ń yìnbọn fún ẹni tó ń kí i?

“Kí ló ń rùn báyìí?” ẹ̀gbọ́n mi bèèrè lábẹ́ ìborùn.

“Òdòdó ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Òdòdó inú ikùn ta ni?” Ó sì bì sí mi lọ́rùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó kàn mí lára nínú igbó yẹn, èébì ẹ̀gbọ́n mi ló mọ́ jù.

Báyìí ni a rìn títí a fi dé etí odò kan. Mo rò pé omi ni. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ikun imú ni, ó nípọn, ó ń fà, ó ní àwọ̀ ewéko lápá kan, ó pọ́n lápá kejì. Iwin kan jókòó sínú ọkọ̀ ní àárín rẹ̀, Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ó pe ara rẹ̀. Imú rẹ̀ tó ìdí ọ̀pẹ, ibẹ̀ sì ni odò náà ti ń ṣàn jáde, gburu-gburu, láìdúró.

“Ìwọ ọdẹ,” ó ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba imú jáde, “ẹni tó bá fẹ́ kọjá yóò já àlọ́ mi. Bí kò bá já a, yóò mu igbá kan nínú odò mi, yóò sì wí pé ó dùn.”

“Pa àlọ́ rẹ,” mo wí.

Ó fa imú padà, gbogbo odò sún sẹ́yìn, ó tún tú u sílẹ̀. “Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó na onílé láìmú pàṣán. Onílé ń ké, aládùúgbò ní irọ́ ló ń pa. Kí ni o?”

Mo ronú. Mo pe olè, kì í ṣe olè. Mo pe àlá, kì í ṣe àlá. Ó ti ń bu igbá lọ́wọ́, ikun náà ń fà jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ létí igbá.

“Ẹ̀fọ́rí ni, ìwọ aláìnítìjú!” ẹ̀gbọ́n mi ló kígbe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. “Ó wọlé tì mí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Wa ọkọ̀ rẹ wá!”

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ní, “Ìyá, ẹ kú ìfaradà.” Ó gbé wa kọjá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwà rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí a ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni ó sín. Ẹ̀yin ará, n kò ní sọ ohun tó kù.

Ní òdìkejì odò ni a ti bá ìlú kan tí ariwo eṣinṣin rẹ̀ ju ariwo ọjà lọ. Ìlú Abẹ́rísílẹ̀ ni. Àwọn ará ibẹ̀ ń rìn kiri láìlórí. Ọrùn wọn ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, wọ́n sì fi ewé kókò bò ó nítorí òjò. Àwọn orí náà wà lórí èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn mìíràn wà nínú apẹ omi kíkan, eṣinṣin ń wọ ihò imú kan, wọ́n ń gba èkejì jáde. Orí ń pàṣẹ láti ibi tó wà, ara a sì lọ ṣe é. Mo rí ara kan tó ń jẹ iyán: ó ń ki òkèlè bọ inú ọrùn, orí rẹ̀ lórí èèkàn sì ń pariwo pé, “Ọbẹ̀ kò kan án! Ọbẹ̀ kò kan án!”

Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ọba wọn. Ó jókòó, ó gbé orí kan lé itan. Orí náà lajú.

“Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?”

“Túúlu ni, Kábíyèsí.”

“Ẹ kú oríire! Ìlú tó ni oògùn rẹ̀ lẹ dé yìí. Gbogbo wa pátá ni ẹ̀fọ́rí yọ lẹ́nu rí. A bẹ́ ẹ, ó tán.” Ó ṣẹ́jú sí ara kan tó mú àáké dání. Ọ̀rá àti irun lẹ̀ mọ́ ẹnu àáké náà, kòkòrò sì ń rìn lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́rùn mú pinpin. Mo rí i pé bí mo bá yìnbọn, ta ni n ó yìn ín lù? Ẹni tí kò lórí, ibo ni ikú yóò gbà wọlé sí i? Mo bá fi ọgbọ́n àgbà ṣe é. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní:

“Kábíyèsí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Ṣùgbọ́n bóyá àwọn bàbá wa kò dé ìhín. Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn orí wọ̀nyí léèrè ọ̀rọ̀ kan.” Mo yíjú sí àwọn èèkàn. “Ẹ̀yin orí, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ́ yín, ẹ̀fọ́rí náà ti lọ?”

Àwọn orí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Orí obìnrin kan tó ti jẹrà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí èèkàn rẹ̀. “Ó ṣì ń fọ́,” ó ní. “Ó ṣì ń fọ́ mi, n kò sì lọ́wọ́ tí n ó fi di í mú mọ́.”

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́kún. Orí ń pe ara pé kó wá gbé òun, ara ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri, ọ̀kan gbé orí aládùúgbò rẹ̀, òmíràn gbé orí ìyàwó rẹ̀. Mo gbá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra, mo sáré. Orí kan fi eyín mú ṣòkòtò mi níbi ẹnubodè, ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé òun lọ síbi tí à ń lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi ya ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wẹ ọwọ́ títí, n kì í gbà pé ó mọ́.

Nígbà tí a fi máa dé Okinní, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti rí bí ohun tí ajá pọ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ o! Iyanrìn funfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n gbá a, omi gbígbóná àti ewé tíì ló ń ta sánsán. Wọn kò jẹ́ kí a wọlé títí a fi wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ iwin obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ kéré, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ìka rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Kò sáré fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fetí sí bí iṣan rẹ̀ ti ń sọ.

“Ẹ̀gbẹ́ wo ló máa ń mú?”

“Ọ̀tún.”

“Ṣé ó máa ń sún mọ́ ìgbà nǹkan oṣù yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìborùn kúrò díẹ̀. “Ó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.”

Ìyá náà gbé ìkòkò kan kalẹ̀ lórí iná. Nínú omi tó ń hó ni ó ti yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ń dán. Ó fi ọ̀kan sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Ó fi òmíràn sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn sí ẹ̀bátí, òmíràn sí kòtò ìpàkọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò yọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo máa ń fa ọfà yọ lára ìgalà láìṣẹ́jú, nígbà tí mo rí abẹ́rẹ́ tó dúró lójú ara ẹ̀gbọ́n mi tó sì ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, mo wó bí igi tí wọ́n gé. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

“Àjàgbé,” ẹ̀gbọ́n mi ní, “ṣé èmi ni wọ́n ń gún tàbí ìwọ?” Ó wá wo ìyá náà. “Ẹ gbà mí láàyè kí n bèèrè. Orí ló ń dùn mí, ẹ wá ń gún mi lẹ́sẹ̀?”

“Ẹni tó bá fẹ́ lé òkété jáde,” ìyá náà dáhùn, “kì í jókòó tẹjú mọ́ ẹnu ihò nìkan. Ẹ dákẹ́, ẹ mí kanlẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni ohun kan mì lẹ́yìn etí ọ̀tún rẹ̀. Awọ ibẹ̀ wú, ó là bí ẹnu, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Ó tóbi tó ọ̀pọ̀lọ́ tó yó. Kò nírun, kò lójú, ara rẹ̀ funfun bíi ti ohun tó ti pẹ́ nínú omi, ọyún ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó sí èjìká ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu ló pọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ, ọ̀kan ń pọ́n ètè, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀.

“Àna mi,” ó wí fún mi, “ẹ kú ìrìn.”

“Ta ni àna rẹ?”

“Ìwọ kọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni ilé mi. Mo ti jẹ apá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣe ọmọge. Mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Adùn rẹ̀ pọ̀ jù nígbà tó bá ń sunkún.”

Mo ti gbé ìbọn. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e. Mo fi ẹnu ìbọn ti ara jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ ohun náà, ìka mi ti wà níbi tí à ń fà á, òórùn rẹ̀ sì kún imú mi bí ìgbà tí wọ́n ṣí ibojì.

“Ọdẹ,” Ìyá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí, kò gbóhùn sókè, “gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí o bá yìn ín, èèyàn méjì lo pa.”

“Ẹ wá fẹ́ kí n jókòó máa wò ó?”

“Mo fẹ́ kí o jókòó máa wò ó.”

Ohun náà rẹ́rìn-ín, ó tu nǹkan sí mi lójú, ó gbóná, ó ń lẹ̀. Mo tẹ ìbọn mọ́ ọn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè yí ọrùn nítorí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wá ẹnu ìbọn náà rí, ó sì rọra tì í kúrò.

“Nígbà kan mo fẹ́ kí o yìn ín,” ó ní. “Mo ti yí ọkàn padà. Gbé e sílẹ̀, Àjàgbé mi.”

Mo gbé e sílẹ̀. Ẹkún ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá náà nu ojú mi, ó ní, “N kò ní tan yín jẹ. Àwọn kan ti wá síbí tí abẹ́rẹ́ mi kò ṣe nǹkan kan fún, mo sì ní kí wọ́n máa lọ wá ìwòsàn níbòmíràn. Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ti yọrí sí mi, àmì rere ni. N kò lè pa á. N ó febi pa á ni, kí ó rù, kí oorun máa kùn ún. Yóò máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ onílé mọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ dùbúlẹ̀, ìyá náà ń gún un, ohun náà a yọrí, èmi a sì jókòó tì í. Ẹ ò mọ ìyà tó ń jẹ ọdẹ tó wà ní tòsí ẹran tí kò gbọdọ̀ pa. Ó ń bú mi, ó ń bẹ̀ mí. “Àna, ebi ń pa mí. Àna, mú un bínú díẹ̀. Jí i lójú oorun lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè rí nǹkan fi pa ọ̀nà ọ̀fun.” Ìgbà mìíràn a fi ẹnu kan lá ọwọ́ mi láti tù mí lójú. Oúnjẹ ìlú náà dára, èmi kò lè jẹ ẹ́. Bí mo bá rí ẹ̀kọ tútù tó ń yọ̀ nínú ewé, ara ohun náà ni mo ń rí. Mo rù títí ṣòkòtò mi fi ń bọ́ nídìí.

Ṣùgbọ́n ohun náà ń rù jù mí lọ. Ó wá tó ìgbín. Ó wá tó eṣúṣú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kéré, àwọn ẹnu rẹ̀ ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn di òwúrọ̀. Ó bọ́ ìborùn. Lọ́jọ́ kan mo wá a títí, ẹ̀bá odò ni mo ti bá a nínú oòrùn ọ̀sán gangan, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń mọ ìkòkò tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ fún Ìyá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó sì ń kọ orin tí ìyá wa máa ń kọ. N kò sún mọ́ ọn. Mo dúró lẹ́yìn igi, mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ tí a ó padà, ìyá náà fi ọ̀nà mìíràn hàn wá, ọ̀nà òkè, tí kò kan igbó tí a gbà wá. Ó mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń wà láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá hàn án, ó ní bí ohun náà bá ta pútú, kí ó tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wá ibòji, kí ó má bá a jà. Mo wo ẹ̀yìn etí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà níbẹ̀, ó kéré bí eégbọn, ó ń hanrun.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo wí, “ẹ jẹ́ kí n fi èékánná ṣá a. Mo kórìíra rẹ̀. Báwo ni ẹ ó ṣe máa gbé irú nǹkan báyìí kiri?”

“Ìwọ lo ń rí i,” ó dáhùn. “Èmi ni mo mọ bí ó ti wúwo tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kó sùn. Mo ní ìkòkò tí n ó mọ.”

A rìn títí a fi jáde sí pápá tí a ti rí òkè ìlú wa lókèèrè. Oòrùn mú ganrínganrín. Mo pa òkété kan, ẹ̀gbọ́n mi dáná, ó sun ún, ọ̀rá ń kán sínú iná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pápá. Obìnrin tí òórùn ọbẹ̀ lásán ń mú bì, ó jókòó sínú òórùn náà, ó ń ya itan òkété, ó ń jẹ, ọ̀rá ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́. Lójijì ni ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀bátí.

“Ó jí,” ó ní.

Mo fò dìde, n kò mọ ibi tí mo ń fò lọ. Ó ní kí n jókòó. Ó lọ sábẹ́ igi òrí, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ rọ́ díẹ̀. Omi kán lójú ọ̀tún. Mo ń gbọ́ tí ohun náà ń rún nǹkan lẹ́yìn etí rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí eku nínú àká. Òjìji igi náà kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sún tí mo gbọ́ tí ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ojú, ó gbọn koríko lára ìró rẹ̀, ó padà sídìí iná, ó gbé itan òkété rẹ̀.

“Ó ti tutù díẹ̀,” ó ní, ó sì nà án sí iná. “Àjàgbé, o kò jẹ nínú rẹ̀?”

Ó na ẹsẹ̀ òkété sí mi, ọ̀rá rẹ̀ ń yọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Mo yíjú sí ẹ̀yìn igi, gbogbo ohun tó kù nínú mi sì jáde. Bí mo ti ń bì ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín tí ó gbé orí sókè sínú oòrùn rín, tó ń rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyí, ẹnu mi kò sì ní kọjá ẹsẹ̀ mi. Ẹ bá mi bu omi, kí n wẹ ọwọ́.